Ilé Tí A Yàn De Ọjọ́ Ìjì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ òòjọ́ mi, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò lè dùn létí níbi àríyá. Nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà, nínú ọgbà yìí ni mo ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, lóru ọjọ́ kan tí ìjì ṣí òrùlé ilé ibùsùn wa.

Kíláàsì kejì ni mo wà nígbà náà. Òjò àkọ́rọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ká páànù apá kan kúrò lórí wa, omi sì ń ya lu ibùsùn. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Olùkọ́ tó ń mójú tó wa mú ìwé kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti kọ ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan yóò sá lọ bí ewu bá dé. Wọ́n ní kí yàrá tiwa máa lọ sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn. A da aṣọ ìbora borí, a sáré débẹ̀, àgádágodo ńlá ni a bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ ilé náà di ibi tí à ń kó àga sí láti sáà tó kọjá, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí ìlú rẹ̀. Inú òjò ni a dúró sí títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn ilé ìjẹun fún wa. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ọmọ kíláàsì kìíní àti ti kẹfà jọ sùn lórí tábìlì kan náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lónìí, mo wà lára àwọn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Orúkọ aláìsàn, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn tí dókítà kọ, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò ní ara tiwọn. Virtual machine ni à ń pè wọ́n. Inú sáfà, ẹ̀rọ ńlá onírin, ni wọ́n ń gbé, bí ọ̀pọ̀ ayálégbé ṣe ń gbé inú ilé onílé kan. Bí iná bá jó onílé, ayálégbé náà di aláìnílé.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Nítorí náà ni a ṣe ní ibùdó kejì ní ìlú mìíràn. Sọ́fítíwià kan ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà náà; ìyípadà yòówù tó bá dé bá wọn ní Èkó, ó ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibùdó kejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ yan sáfà kan níbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò gbà á sílé lọ́jọ́ tí ibùdó àkọ́kọ́ bá dákẹ́. Ẹ má ṣe rò pé àṣejù ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ibùdó sáfà iléeṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà kan tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn pàdánù ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn sáfà ibùdó kejì wa darúgbó, a sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà 14 ni a ti yàn án fún gẹ́gẹ́ bí olùgbàlejò. Bí a bá yọ ọ́ láìkọ́kọ́ wá olùgbàlejò mìíràn fún wọn, kò ní sí ẹni tí yóò máa gba ẹ̀dà wọn, ààbò wọn yóò sì já. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Mo sàmì sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo yan sáfà tuntun kan, mo tẹ bọ́tìnnì. Sọ́fítíwià náà fi ẹ̀dà wéra fún ìgbà díẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé sì yọ. Mo lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá wa, obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbé wọn dìde níbẹ̀ wò?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ṣùgbọ́n gbogbo àmì ló dáa, mà."

Wọ́n ní, "Àmì kọ́ ni mo bi ọ́."

Ní ọjọ́ Sátidé, a ṣe ìdánwò náà ní ìkọ̀kọ̀, lọ́nà tí kò fi kan iṣẹ́ tó ń lọ ní ilé ìwòsàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlẹ́ẹ̀wàá jí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá wa lóhùn. Kò sẹ́ni tó ti ṣí ojú-ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì fún sáfà tuntun náà, yálà ti ìdánwò tàbí ti ọjọ́ ewu gan-an. Wọ́n dà bí ẹni tó jí tí kò lè la ẹnu. Yàtọ̀ sí èyí, ààyè há mọ́ wọn, nítorí pé mo ti kó gbogbo wọn sínú ilé kan ṣoṣo. Kódà kọ̀ǹpútà méjì tó yẹ kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, abẹ́ òrùlé kan náà ni mo fi wọ́n sí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ewu ni, dókítà ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó má sì rí irú ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí i lára.

Níbi tí mo jókòó sí, àgádágodo ọjọ́ ìjì ni mo ń rí. Ibi tí a kọ sínú ìwé lè má jẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo sì rántí ohun tó tẹ̀lé e: láti sáà kejì lọ, olùkọ́ wa kò dúró lórí ìwé mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà kọ̀ọ̀kan, wọn a mú kọ́kọ́rọ́ dání, wọn a kó wa lẹ́yìn, wọn a sì ṣí ilé kọ̀ọ̀kan lójú wa. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọgbọ́n ni wọ́n ń dá.

Bí a ti ń ṣe é nìyí báyìí. Kí a tó yan olùgbàlejò tuntun, a ó kọ́kọ́ wò bóyá ààyè inú rẹ̀ tó, bóyá ó lè dé ibi tí a kó ẹ̀dà pamọ́ sí, àti bóyá nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ṣí. A ó pín àwọn kọ̀ǹpútà sí sáfà púpọ̀, a ó sì ya àwọn tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn sọ́tọ̀. A kì í yọ sáfà àtijọ́ títí ìfiwéra ẹ̀dà yóò fi parí, tí a ó sì ti gbé wọn dìde wò.

Ẹ̀yin òbí, èmi náà ti di òbí. Láìpẹ́ yìí ni mo wo fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí ọmọ mi wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí mo kọ pé kí wọ́n pè bí wọn kò bá rí mi ti kó lọ sí ìlú òyìnbó láti ọdún méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tiyín. Ẹ pe nọ́ńbà náà, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni tó wà níbẹ̀.

Jósẹ́fù kò dúró de ìyàn kí ó tó kọ́ àká ní Íjíbítì. Ọdún 7 tí oúnjẹ fi pọ̀ ló fi kó o jọ. Kí Ọlọ́run Jósẹ́fù máa bá ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé, kí ó má jẹ́ kí a bá ilẹ̀kùn títì lọ́jọ́ ìjì. Àmín.