Ta ni yóò dáná?

Bí wọ́n bá pè mí síbi ìnáwó báyìí, kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Aago mélòó ni wọ́n máa parí? Ṣé mo lè sùn síbẹ̀? Èmi nìkan ni mo ń gbé gángan mi kiri, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì ju kìlómítà 100 lọ. N ò ní í rìn ín lóru mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí ò tíì já bọ́ nígbà tí mo rí géńdé mẹ́ta kan. Wọn ò wo ìlù rárá, àpò mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Ìyá alásè ló fà mí sẹ́yìn ìkòkò àmàlà: “Ọmọ Àyàn, jókòó síbí títí ilẹ̀ ó fi mọ́.”

Bí mo bá ti gbọ́ pé ìyá yẹn ni yóò dáná níbì kan, mo ti gbà nìyẹn.