Sípóòkì kẹ̀kẹ́ lọ̀gá yìí fi ń tún inú mọ́tò ṣe l'Ágége, àmọ́ ó níbi tí kì í kì í bọ̀

Ẹni tó bá ń gba Ìkẹjà bọ̀ sí Pẹ́ńsìnẹ́mà l'Ágége yóò ti rí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: páànù lórí, ìjókòó mọ́tò lóríṣiríṣi níta. Ọ̀gá tó ń rán ìjókòó nínú ọ̀kan nínú wọn kì í fi owó ra irinṣẹ́ tó bá lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe.

Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ló pọ́n lẹ́nu tó tẹ̀ bí ìwọ̀, òun ló fi ń fa okùn jáde nínú fóòmù. Ó fi fáìlì gbẹ́ ẹnu puláyà àtijọ́, kí òrùka wáyà tó ń di awọ mọ́ ìjókòó má baà máa yọ̀ bó bá ń tẹ̀ ẹ́ pa. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí irun ẹ̀ ti tán ló rọ́ pẹlẹbẹ, tó fi ń ṣí inú ilẹ̀kùn. Ṣé kò ní sukurudíráífà ni? Ó ní in. Ṣùgbọ́n irin á ha ara ilẹ̀kùn, á sì ṣẹ́ kílíìpù. Bí kílíìpù bá ti ṣẹ́, ilẹ̀kùn ò ní í yéé dún mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé Corolla tòkunbọ̀ wá, ó lóun ń bọ̀ wá gbé e ní aago mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ yára, ló bá mú sípóòkì, ó fẹ́ kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó iwájú.

"Dúró ńbẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?"

Ọwọ́ ọmọ náà gbọ̀n. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, kí ni mo ṣe?"

Ọ̀gá na ìka sí ibi tí wọ́n kọ "AIRBAG" sí lára ìjókòó, ó tún fi wáyà aláwọ̀ ìyeyè hàn án nísàlẹ̀. Peugeot 504 tó fi kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ airbag iwájú di dandan nínú gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun, àwọn mìíràn sì tún ní in nínú ìjókòó. Béèyàn bá ṣi wáyà yẹn dì mú, ó lè bú lójijì, kó ṣe èèyàn léṣe.

Ọ̀gá tú orí bátìrì, ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí onímọ́tò dé, iṣẹ́ ò tíì parí, ló bá ń kùn. Ọ̀gá ò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má wulẹ̀ máa kánjú. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tú ìjókòó yín: ṣé ó ti tú orí bátìrì?