Kọ̀ǹpútà Wo Ló Lè Gbé Fídíò 4K ní Arámọkọ?

Onílé ń ya fídíò òkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè ní Arámọkọ-Èkìtì, títí dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Àbúrò rẹ̀, Arìnrìn-àjò, ti pẹ́ ní London nídìí iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, kò tíì pẹ́ tó padà wálé.

ONÍLÉ: Àbúrò, o bọ́ sásìkò. Wọ́n fẹ́ ṣòkú ìyá kan ní Ìjerò, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ní 4K làwọn fẹ́. Kámẹ́rà mi lè yà á. Kọ̀ǹpútà ni kò gbé e. Ohùn á ti lọ, àwòrán á ṣì dúró gbagidi sójú kan. Wọ́n ní kí n lọ ra irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbá géèmù, tó ní káàdì àwòrán ńlá. Owó rẹ̀ ju ti kámẹ́rà lọ!

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì náwó. HD tí ẹ ti ń ṣe bọ̀ jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, àmì kéékèèké inú àwòrán kan lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. 4K jẹ́ 3840 lọ́nà 2160, ó lé ní mílíọ̀nù 8. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, síbẹ̀ kì í ṣe òun nìkan ló ń dá yín dúró. Kámẹ́rà kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi. Ó ń tọ́jú ọ̀kan, lẹ́yìn náà ohun tó bá yí padà nìkan ni yóò máa kọ sílẹ̀, títí yóò tún fi kan odindi mìíràn. Tí ẹ bá wá fò sí àárín fídíò láti gé e, kọ̀ǹpútà ní láti padà sí odindi tó ṣáájú, kó máa ṣírò bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń há.

ONÍLÉ: Káàdì ńlá yẹn kò ní bá a ṣírò?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Á bá a ṣírò, àmọ́ apá kan wà nínú ṣíìpù Intel fúnra rẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Láti ìran keje ló ti ń ṣí fídíò H.265 10-bit, èyí tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti fóònù ń yà. Ìran kẹjọ sókè ni kí ẹ rà, nítorí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 sì ń béèrè. Ẹ wo nọ́ńbà ara ṣíìpù: i5-8350U, 8 yẹn ni ìran kẹjọ. Ohun kan péré: tí kámẹ́rà yín bá ń tọ́jú àwọ̀ ní 4:2:2 10-bit, ìran kẹjọ kò ní lè ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ yí i sí 4:2:0.

ONÍLÉ: Èwo gan-an ni kí n rà?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Tòkunbọ̀ ni. ThinkPad T480, Latitude 7490 tàbí EliteBook 840 G5. Ọ́fíìsì ńláńlá ló ń lò wọ́n lókè òkun, tí wọ́n sì ń tà wọ́n tí wọ́n bá ra tuntun. RAM wọn ṣeé yọ, ó ṣeé fi kún. Kó má dín ní 16GB. Ẹ má jẹ́ kí tínrín X1 Carbon tàn yín, wọ́n ti lẹ RAM rẹ̀ mọ́nú, bí ẹ ṣe rà á lẹ ó ṣe lò ó gbó.

ONÍLÉ: Gbogbo ayàwòrán ló ń pariwo Apple.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Wọn ò purọ́. Kọ̀ǹpútà Apple oní-M1 tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2020 ń gbé 4K dáadáa, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. RAM tiẹ̀ náà ni kò ṣeé fi kún. Tí ẹ bá rí oní-16GB tówó yín ká, ẹ rà á. Oní-8GB, ẹ fi sílẹ̀.

ONÍLÉ: Iná tó o dárúkọ yẹn ló ń dùn mí jù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo ń lò yìí, iná á ṣẹ́jú, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta á lọ.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ ra ti géèmù. Ṣájà rẹ̀ lè gba 200 wáàtì, ti T480 kì í ju 65 lọ. Ínfátà kékeré àti sólà á gbé e. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀, NEPA ìbáà múná lọ, iṣẹ́ yín kò ní bà jẹ́. Kí ìpamọ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ SSD. Dísíìkì tó ń yí máa ń ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD lásán ń ka 500MB. Kámẹ́rà tó ń kọ 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá yóò gba 45GB ní wákàtí kan, òkú ọjọ́ mẹ́ta á sì lè kún SSD yín. Ẹ fi SSD ṣiṣẹ́, kí ẹ fi dísíìkì olówó pọ́ọ́kú tọ́jú ẹ̀dà méjì.

ONÍLÉ: Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, kò tún ní há?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Kò ní há tí ẹ bá lo ẹ̀dà kékeré tí wọ́n ń pè ní proxy. DaVinci Resolve tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ àti Kdenlive ló ń ṣe é. Ẹ ó ní kó sọ gbogbo fídíò di ẹ̀dà 720p lóru, ẹ ó fi ẹ̀dà yẹn gé, ẹ ó tò ó, ẹ ó fi orin sí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ jáde, ojúlówó 4K ni kọ̀ǹpútà yóò padà lọ mú. Resolve ọ̀fẹ́ náà ń yọ 3840 lọ́nà 2160 jáde. Àǹfààní mìíràn tún wà: tí ẹ bá ya gbogbo agbo ijó ní 4K, ẹ lè gé ojú ọmọ olóòkú nìkan yọ ní HD, bíi pé ẹ ní kámẹ́rà méjì lójú agbo.

ONÍLÉ: Ìyẹn wù mí ju ariwo 4K lọ. Èmi nìkan ni mo sábà máa ń dá yàwòrán.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Tí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má gba fídíò tí olùtajà fẹ́ fi hàn yín, èyí tó rọrùn fún ẹ̀rọ ló máa ń ṣí. Ẹ mú káàdì kámẹ́rà yín dání. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ rí bí bátìrì ṣe ń lọ. Ẹ gbé fídíò tí ẹ yà ní Ẹ̀fọ̀n sórí ẹ̀rọ, ẹ fò síwá, ẹ fò sẹ́yìn, ẹ gé e. Ẹ má sanwó kí ẹ tó fojú ara yín rí i pé ó ń lọ.