Kí Ni Ẹ Ń Pe Irú Wa Nílé?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi níbí ní Amẹ́ríkà tí n kò lè dá gbé mì.

À ń kọ́ bí a ṣe ń ṣàpèjúwe ènìyàn lọ́jọ́ náà. Mo kọ "dúdú" àti "pupa" sójú pátákó, mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi dúdú, èmi pupa." Ẹnu ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí lójú tiwọn, dúdú ni èmi náà. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ dúdú, kí èkejì rẹ̀ pupa. Àwọ̀ ara lásán ni, kì í ṣe ẹ̀yà. Ìlú ẹni, ilé ẹni àti oríkì ẹni ni a fi ń mọni.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. South Carolina ni wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú wá. Ó ní: "Olùkọ́, kí wá ni ẹ ń pe irú wa nílé? Mo ti gbọ́ 'akátá' lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rántí iye ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ níbi àríyá wa tí mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Ẹranko ìgbẹ́ ni akátá. Èébú ni. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí."

Kò fèsì. Mo wá sọ ìtàn orúkọ tiwa fún wọn. Láyé àtijọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà "Yorùbá" wà fún. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí òwò ẹrú fọ́n wa ká, wọ́n pè wá ní Lucumí ní Cuba, Nagô ní Brazil, àti Akú ní Freetown, nítorí "ẹ kú" tí a fi ń kíra wa. Freetown ni wọ́n mú Àjàyí Crowther lọ ní 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Òun àti irú rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ Yorùbá di orúkọ gbogbo wa. Àwọn tí a kó lẹ́rú ló bá wa tan orúkọ wa kálẹ̀; àwa wá ń fi orúkọ ẹranko pe ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Nígbà tí a parí, ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ níbi àríyá yín ńkọ́?"

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ, níbi ìsọmọlórúkọ kan. Mo sọ fún wọn pé kò dára. Wọ́n ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó jù. Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ńkọ́, orúkọ wo ni ẹ ń pe àwọn ọmọ wa tó sọnù sókè òkun?

Ire o.