Eastbourne, Ìlú Àwọn Àgbà Létí Òkun

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní ibùdó Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù a máa lo nǹkan bí wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó dé Eastbourne, ìlú kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn ọ̀dọ́ a máa kún inú ọkọ̀ náà fọ́fọ́. Wọn a rìn lórí afárá gígùn tí wọ́n nà wọ inú òkun, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1870. Wọn a ya àwòrán, wọn a jẹ ẹja díndín, wọn a sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ni kì í padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń kó wá láti lo ìyókù ọjọ́ ayé wọn, nítorí atẹ́gùn òkun, nítorí ọ̀nà etíkun tó tẹ́jú fún kẹ̀kẹ́ aláìlera, àti nítorí oòrùn tí àwọn ará ìlú fi ń yangàn. Ẹni tó bá ti Ìlọrin wá yóò rẹ́rìn-ín sí oòrùn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìlú náà lẹ́wà. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, òkè Beachy Head ni yóò rí, tó fi mítà 162 ga ju òkun lọ, tó sì funfun bí ẹfun. Kò sí yanrìn bí ti etíkun Èkó. Òkúta róbótó ni ìgbì ń dà síwá sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí a bá ń mi àgbàdo gbígbẹ nínú igbá. Lẹ́bàá ọ̀nà ni àwọn ìjókòó onígi wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti kú sí lára.

Ẹni tó wá ṣe fàájì kò ní ṣàkíyèsí àpótí kékeré onírin tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ḿbà ni a fi ń ṣí i, àwa olùtọ́jú la sì mọ nọ́ḿbà náà. Níbi tí ẹ bá ti rí àpótí, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà kan wà nínú ilé tí kò lè dìde wá ṣílẹ̀kùn mọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá a ṣí i. Mo ka mọ́kànlá rí ní òpópónà kan ṣoṣo.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń jáde. N ó wọlé, n ó kí wọn, n ó wẹ̀ wọ́n, n ó wọṣọ fún wọn, n ó po tíì, n ó fún wọn ní oògùn, n ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó di ilé kejì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti ilé kan. Àwọn mìíràn kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ Yorùbá kò tí ì kí àgbà tán. Ilé-iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kì í sanwó àkókò tí a fi ń rìn láti ilé dé ilé, nítorí náà wákàtí mẹ́rìnlá lóde lè di wákàtí mẹ́sàn-án lórí ìwé owó oṣù.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ orúkọ tó fẹ́ kí a máa pe òun sí. Ìyá ẹni ọdún 91 kan, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ nígbà kan rí, ní orúkọ àbísọ àwọn ni kí n máa pè, kí n má fi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo pè wọ́n ní Màmá, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Èmi kọ́ ni mo bí ọ.” Kì í ṣe ìwọ̀sí. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ya irun wọn, wọ́n sọ fún mi pé gbogbo àwọn tó máa ń pe orúkọ náà, ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́, ló ti kú tán. Dókítà àti báńkì, orúkọ ọkọ ni wọ́n ń lò. Bí èmi tí mò ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kò bá pè é, ta ni yóò pè é? Nílé wa, ìbọ̀wọ̀ ni kí á má pe orúkọ àgbà. Nínú yàrá yẹn, pípè é ni ìbọ̀wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, ṣùgbọ́n n ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo bá ti ń pè é. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

A máa ń sọ nílé pé òyìnbó a máa gbé òbí rẹ̀ jù nù. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń wakọ̀ láti Birmingham wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti wà pẹ̀lú bàbá rẹ̀; mo sì mọ ọmọ tó jẹ́ pé òdòdó nìkan ló ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ìtọ́jú pẹ̀lú wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju 23,250 pọ́n-ùn lọ ni yóò fi owó ara rẹ̀ san án; bó bá sì di pé kó wọ ilé ìtọ́jú, ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ san lè bá a lọ. Àwa náà ńkọ́? Ìyá mi wà ní Ìkìrun, ọmọ ọlọ́mọ tí mò ń sanwó oṣù fún ló ń wẹ̀ wọ́n. Nínú owó tí mò ń rí lórí wíwẹ ìyá ẹlòmíràn ni mo ti ń san án.

Físà wa kò tilẹ̀ ka òbí mọ́ ìdílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ṣí i sílẹ̀ fún olùtọ́jú bíi tiwa, a sì rọ́ wọlé láti Nàìjíríà, Íńdíà àti Zimbabwe. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́; nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ní ti àwa tó ti wọlé, ọ̀rọ̀ wa wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́: bí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, 60 ọjọ́ ni wọ́n sáábà ń fún òṣìṣẹ́ láti rí ẹlòmíràn, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í pariwo nípa wákàtí tí wọn kò san. Nínú bọ́ọ̀sì ìdájí, ẹ ó gbọ́ “Ẹ kú iṣẹ́ o” láti ẹ̀yìn, ẹnì kan yóò sì dáhùn láti iwájú.

Ìyá olùkọ́ kú nínú oṣù Kìíní. Orí fóònù ni mo ti mọ̀: orúkọ wọn kò sí nínú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe ètò ìsìnkú, àpótí kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ògiri títí dìgbà náà. Àwa mẹ́jọ la péjọ, olùtọ́jú ni méjì nínú wa. Ètò náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, orúkọ ọkọ ni ẹni tó darí rẹ̀ sì ń pè látòkèdélẹ̀. Mo pe orúkọ kejì lábẹ́ èémí, mo tẹ orúnkún, mo sì yára lọ bá bọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n ti fi ilé mìíràn sí àkókò wọn.