Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Ọ̀nà Ìlìkímù

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìdòwú,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wa ní ọ̀nà Ìlìkímù, kí Ìdòwú lè wọ iléèwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Kútọnu. Ọmọ yẹn wù mí. Bùbá tó rán sí mi nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo yí apá rẹ̀ síta wò: ojú ìrán rẹ̀ gún régé, kò súnkì níbì kankan. Ẹni tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń rán níléèwé. Ìwé tí wọ́n fẹ́ fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ fọ́tò ìwé ìpolówó iléèwé náà lójú fóònù títí lẹ́tà rẹ̀ fi tóbi bí àtàǹpàkò. Wọ́n ya ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ya ọmọge tó wọ aṣọ àrà, wọ́n kọ "lísáǹsì ọdún mẹ́ta", wọ́n kọ iye owó. Wọn ò kọ nọ́ńbà àṣẹ tí mínísítà ẹ̀kọ́ gíga fi gbà wọ́n láàyè. Ẹni tó ní irú àṣẹ yẹn kì í fi í pamọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa, ìjọba ló ń fọwọ́ sí iléèwé gíga aládàáni, òun náà ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ni níbẹ̀. Iléèwé tí kò bá tíì gba homologation, ìyẹn ìfọwọ́sí ìjọba fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ ní láti ṣe ìdánwò ìjọba kí lísáǹsì wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí wọn ò bá wá ní àṣẹ fún iṣẹ́ aṣọ, ta ni yóò jẹ́ kí Ìdòwú wọ yàrá ìdánwò?

Ẹ rántí ariwo ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan gba dìgírí níléèwé kan ní Kútọnu láàárín àkókò tí kò tó oṣù méjì. Ní oṣù kìíní 2024, Nàìjíríà ní àwọn dá gbígba ìwé ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mínísítà wọn ní ó lé ní 22,000 ènìyàn tó gba ayédèrú ìwé ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìwọ̀nba yunifásítì ni wọ́n gbà, bíi ti Calavi àti ti Parakou. Ìlárá àti Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà ni àwọn ọmọ Kétu wa ń wáṣẹ́ lọ. Ìwé tí Nàìjíríà kò gbà, tí ìjọba tiwa kò mọ̀ rí, níbo ni Ìdòwú yóò gbé e lọ?

Ẹ ò gbàgbé ilẹ̀ tí Bàbá wa tà nítorí ìrìn àjò Libreville àbúrò wọn. Owó lọ, ilẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì ò sì jẹun pọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo mọ̀ pé ẹ lè ní ẹni tí kò sí nílé nígbà ìsìnkú Ìyá ló ń pàṣẹ lórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ dúró ti ilé. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ yín lórí fóònù kí ẹ béèrè àṣẹ yìí, ẹ ní ọ̀gá iléèwé náà níwà. Mi ò béèrè ìwà rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jẹ́ kí Ìdòwú parí iṣẹ́ aṣọ tó ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kó ṣe ìdánwò CQM tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Pathé'O aránṣọ tí Mandela wọ ẹ̀wù rẹ̀ rí, ìdí ẹ̀rọ ní Abidjan ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín lọ sí mínísírì ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnu, kí ẹ béèrè orúkọ iléèwé náà. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, èmi ni n ó san ọdún kìíní, a ó sì jọ wá ìyókù láìta ilẹ̀. Ní ti ibi tí yóò máa sùn, yàrá wà lọ́dọ̀ Àǹtí ní Godomey.

Ẹ má gba owó lọ́wọ́ oníbàárà yẹn títí ẹ ó fi dé láti mínísírì. Ẹ sọ fún Ìdòwú pé mi ò ní kó má kàwé, kó pè mí.

Àbúrò yín ní Paris.