Ìrìn-àjò Èmi àti Ìyàwó Mi sí Ilé

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kí n lè fi ìyàwó mi han àwọn ẹbí tí kò lè wá.

A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rigasa dé Àbújá, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 2016, a sì wọ mọ́tò gba Lọ́kọ́ja lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé ará ilé yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó ń bẹ̀rù náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ìyá bi í bí ọ̀nà ti rí, "Lafiya" ni ó bọ́ sí i lẹ́nu. Gbogbo agbo ilé dákẹ́. Ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín: "Sannu da zuwa, ìyàwó mi!" Àṣé ìyá ti ta aṣọ ní Zaria nígbà èwe rẹ̀! Hausa ni àwọn méjèèjì sọ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwa yòókù ń wò wọ́n lẹ́nu.

A kí àwọn ará Ìbàdàn náà kí a tó padà.

Ìyá ní kí n kí yín. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ta aṣọ ní Sabon Gari Zaria láyé ijọ́un, kí ó jọ̀wọ́ wá rí mi.